Ohun Tó Kọ́kọ́ Dì àti Ohun Tó Ṣẹ́kù

Epo pupa kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Ìlọrin, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, tí òru tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí tó tiẹ̀ relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo inú ìgò ní àwọn ìsọ̀ àdúgbò Tanke níbẹ̀ máa ń pín sí méjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìsàlẹ̀ ìgò á dì, á ki, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́; òkè á máa ṣàn, á sì pupa fòò. Ẹni tó wá rà á á ní wọ́n ti lu epo yìí, ẹni tó ń tà á á búra pé òun ò fi nǹkan kan sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń tà á ló jàre. Àwọn tó ń lu epo kò tán lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ pípín tí epo pín nínú ọyẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí àbùlà. Epo tí kò ní àbùlà kankan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdì onípele ni orúkọ tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yẹn mu. Omi lásán máa ń di yìnyín ní ìwọ̀n òdo, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni. Àdàpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá ń mú àdàpọ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń gba ooru jù lọ kó tó yọ́ nínú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, tó ń di kírísítálì, ìyẹn hóró líle tí ìtò inú rẹ̀ gún régé. Hóró yìí kò bá apá tó ń ṣàn tó ti jáde wá, tí a ó máa pè ní omi, dọ́gba: ó kó àwọn èròjà kan lọ ju àwọn mìíràn. Omi tó ṣẹ́kù náà kò sì jẹ́ irú èyí tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ohunkóhun bá wá ya hóró àti omi nípá kí gbogbo rẹ̀ tó dì tán, ìbáà jẹ́ asẹ́, ìbáà jẹ́ ìwúwo tó fa hóró lọ sísàlẹ̀, nǹkan kan ti di méjì nìyẹn. Òfin yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ya epo ọ̀pẹ àti òrí. Òun náà ló wà lára ohun tó kó platinum jọ sínú ìpele òkúta kan ní Gúúsù Áfíríkà tí kì í sábà nípọn tó mítà kan.

Epo àti òrí jẹ́ àdàpọ̀ oríṣiríṣi ẹyọ ọ̀rá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ glycerol tí ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta so mọ́. Nínú epo ọ̀pẹ, palmitic acid kó nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ásíìdì náà, oleic acid kó bí ìdá 40, linoleic acid kó bí ìdá 10, stearic acid sì ń kó bí ìdá 5. Palmitic àti stearic gún gbọnrangandan. Oleic ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri Tanke mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù tó gún máa ń jókòó pẹ́kípẹ́kí lórí ara wọn, àmọ́ èyí tó bá wọ́ kì í jẹ́ kí ìlà dúró. Ẹyọ ọ̀rá tí ásíìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ jẹ́ palmitic ń tò pẹ́kípẹ́kí bẹ́ẹ̀, ó sì di nǹkan bí ìwọ̀n 66 kó tó yọ́. Bí oleic kan bá wà láàárín palmitic méjì, ìwọ̀n 37 tàbí 38 ti tó. Bí oleic bá di méjì, kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 19 lọ tó fi ń yọ́. Èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ jẹ́ oleic kì í dì àfi tí òtútù bá dé bí ìwọ̀n 5, òtútù tí Ìlọrin kì í rí.

Àwọn tó gún ló ń dì ní òru ọyẹ́, tí wọ́n ń rì sísàlẹ̀ ìgò nítorí pé wọ́n wúwo ju omi epo lọ. Carotene, èròjà tó ń mú epo pupa, tí ara ń sọ di fítámì A, kì í fẹ́ wọ inú hóró. Inú omi ló máa ń dúró sí jù, ìdí nìyẹn tí òkè fi pupa ju ìsàlẹ̀ lọ. Tí ooru oṣù Kẹta bá dé, tí ọ̀sán sì kọjá ìwọ̀n 35, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ á tún yọ́, á dà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bu epo tà láti inú kẹ́ẹ̀gì ní ìgbà ọyẹ́ láì kọ́kọ́ yọ́ ọ, oníbàárà àkọ́kọ́ àti oníbàárà ìkẹyìn kò ra epo kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ló kó carotene jù. Kí wọ́n gbé ìgò sínú omi gbígbóná, kí gbogbo rẹ̀ yọ́, kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dáadáa: iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àwọn tó ń tajà kì í sì í sábà ṣe é.

Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe láì bìkítà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ Presco, tí oko rẹ̀ ní Obaretin kò jìnnà sí ìlú Benin, wà lára àwọn tó ń fọ epo ọ̀pẹ tí wọ́n sì ń yà á. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé epo gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 70, kí hóró kankan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, nítorí pé hóró àtijọ́ tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń darí bí tuntun ṣe máa dì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí tó fi máa sún mọ́ ìwọ̀n 20, tí ẹ̀rọ á máa rò ó jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ yá jù. Òtútù òjijì ń mú hóró wẹ́wẹ́ tó rọ̀ jáde, tí asẹ́ kò lè ṣe ohunkóhun fún. Òtútù pẹ̀lẹ́ ń mú hóró tó tóbi, tó le, tó ṣeé sẹ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ asẹ́ tó ń fún un. Omi tó jáde ni olein, ohun tó kù sínú asẹ́ ni stearin. Nínú epo tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan, olein máa ń tó ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Olein ni ọ̀pọ̀ òróró inú kẹ́ẹ̀gì àti ìgò tí wọ́n fi ń dín ẹran àti dòdò ní àwọn ilé oúnjẹ ọ̀nà yunifásítì. Tí òróró bẹ́ẹ̀ bá ṣú nínú ọyẹ́, ohun kan náà ló tún ń ṣẹlẹ̀, lórí ìpele tó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún olein náà yà lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì rí èyí tí kì í ṣú bọ̀rọ̀. Stearin ní tirẹ̀ ń lọ sínú ọṣẹ, sínú bọ́tà orí búrẹ́dì, àti sínú ọ̀rá tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń ṣòro kì í ṣe bí epo ṣe máa dì. Ibi tó ti ṣòro ni bí omi ṣe máa kúrò láàárín hóró. Olein máa ń há sínú òkìtì hóró, kò sì sí bí wọ́n ṣe fún un tó tí gbogbo rẹ̀ á jáde. Stearin tó ní olein púpọ̀ nínú rọ̀, kò sì níye lórí tó bó ṣe yẹ. Nítorí omi tó há yìí ni wọ́n ṣe ń náwó sórí ẹ̀rọ tó ń fún un gírígírí, tàbí tí wọ́n fi ń po epo mọ́ acetone tàbí hexane kó tó dì, kí omi lè ṣàn kúrò lára hóró. Ó yẹ kéèyàn rántí omi tó há yìí tí ọ̀rọ̀ bá dé orí òkúta.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti àná. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, ló tú àṣírí ohun tó wà nínú ọ̀rá ẹran, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1823. Òun ló sọ àwọn ásíìdì bíi stearic àti oleic lórúkọ. Ní 1869, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Hippolyte Mège-Mouriès, yọ́ ọ̀rá màlúù, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, ó fún omi rẹ̀ jáde, ó sì po omi náà mọ́ mílíìkì. Bọ́tà àtọwọ́dá tí Napoleon Kẹta ń wá fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn mẹ̀kúnnù dé nìyẹn.

Òrí ló kan Kwara jù. Igi òrí pọ̀ ní apá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ní Kaiama àti Baruten, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń yan kóró inú rẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ pò ó mọ́ omi títí ọ̀rá fi máa léfòó. Nínú òrí, stearic àti oleic ló pọ̀ jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó ìdá 40 sí 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹyọ ọ̀rá tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni èyí tí oleic kan wà láàárín stearic méjì, tó ń yọ́ ní ìwọ̀n tó lé díẹ̀ ní 40. Òrí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ti Uganda rọ̀ jù ú lọ nítorí oleic rẹ̀ pọ̀ sí i.

Òrí tó yọ́ nínú ooru ọ̀sán, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó dì fúnra rẹ̀ ní alẹ́, sábà máa ń ní hóró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ń bà bí ẹni ń fi iyanrìn pa ara. Kò bàjẹ́. Àwọn ẹyọ tó le ló fara balẹ̀ wá ara wọn rí nígbà tí òtútù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di hóró ńlá, wọ́n sì fi omi wọn sílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n yọ́ ọ pátápátá, kí wọ́n gbé e sínú omi tútù tàbí fíríìjì, kí wọ́n sì máa rò ó títí tó fi máa dì. Òtútù tó yá, tí ìrò sì tẹ̀ lé, kì í jẹ́ kí hóró ráyè tóbi. Ẹni tó ń ṣe òrí tí wọ́n fi ń pa ara ń wá hóró kékeré. Ẹni tó ń ya òrí ń wá hóró ńlá. Ọ̀tọ̀ ni àyọrísí tí kálukú wọn ń fẹ́ láti ara òfin kan náà.

Nílẹ̀ Yúróòpù, acetone tàbí hexane ni wọ́n fi ń ya òrí. Stearin rẹ̀ ló níye lórí jù, nítorí pé ó ń dì, ó sì ń yọ́, bíi ti ọ̀rá kòkó. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2000 gbà kí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì fi ọ̀rá igi mẹ́fà kan, tí òrí àti epo ọ̀pẹ wà lára wọn, sínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n máa ń po stearin òrí mọ́ apá àárín epo ọ̀pẹ, ìyẹn èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ èyí tó le jù àti èyí tó rọ̀ jù kúrò. Olein òrí náà kì í ṣe ìdọ̀tí: àwọn èròjà tí kì í di ọṣẹ, tí àwọn oníṣẹ́ ìpara ń wá, ń kó jọ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de títa kóró òrí tí wọn kò tíì ṣe nǹkan kan sí lára sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró sílé. Òfin bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n fífún òrí kọ́ ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí owó wà ni ibi tí wọ́n ti ń yà á, ẹni tó bá sì ta òrí láì yà á ti fi apá tó lówó lórí jù sílẹ̀ fún oníbàárà.

Àwọn mẹ́tàlì iyebíye tí kì í dípẹtà, wúrà, fàdákà, platinum àti àwọn ẹbí rẹ̀, tẹ̀ lé òfin ìdì onípele yìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru tiwọn ju ti epo lọ fíìfíì. Èyí tó rọrùn jù láti rí ni ti fàdákà inú òjé. Òjé tí wọ́n bá wà láti inú ilẹ̀ sábà máa ń ní fàdákà díẹ̀. Ní 1833, Hugh Lee Pattinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àṣẹ oníhùmọ̀ lórí ọ̀nà kan: wọ́n á to ìkòkò irin lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á yọ́ òjé sínú èyí tó wà láàárín, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Òjé gidi ń dì ní ìwọ̀n 327, nítorí náà, hóró òjé ló ń kọ́kọ́ jáde, fàdákà sì ń dúró sínú omi. Wọ́n á fi ìgbakọ tó lu bu hóró náà sínú ìkòkò ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á da omi tó kù sí ti ọwọ́ òsì, wọ́n á tún yọ́ wọn, wọ́n á tún bù wọ́n, títí tí òjé mímọ́ fi máa kó jọ sí ìpẹ̀kun kan, tí èyí tó ní fàdákà púpọ̀ sì máa wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀nà yìí kò lè kọjá ààlà kan. Tí fàdákà bá ti dé nǹkan bí ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, òjé àti fàdákà á jọ máa dì pọ̀ ní ìwọ̀n 304, ìyàsọ́tọ̀ sì parí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdì onípele ló ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Ti òkúta ló gba àkókò jù lọ. Òkúta yíyọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀, tí wọ́n ń pè ní magma, lè gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 1,200. Tó bá há sábẹ́ ilẹ̀, ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó tutù tán. Charles Darwin, nígbà tó dé àwọn erékùṣù Galápagos ní 1835, ṣàkíyèsí pé nínú òkúta kan tó ti yọ́ rí, hóró pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1844 pé àwọn hóró náà rì ni. Ó kù díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún pé lórí èyí kí Norman Bowen, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Washington, tó yọ́ òkúta nínú iná ààrò, tó sì to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé rẹ̀ ti 1928. Hóró tí wọ́n ń pè ní olivine ló ń kọ́kọ́ dì, òun àti pyroxene, pẹ̀lú irú feldspar kan tó ní calcium púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń rì, magma tó ṣẹ́ kù ń ní silica, sodium, potassium àti omi sí i, títí tó fi lè di granite ní ìgbẹ̀yìn. Láàárín hóró tó rì, magma díẹ̀ máa ń há síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olein ṣe ń há sínú stearin, ó sì ń yí ìṣirò àwọn onímọ̀ padà bákan náà.

Platinum kò pọ̀ nínú magma. Nínú irú èyí tó bí òkúta Bushveld ní Gúúsù Áfíríkà, tọ́ọ̀nù kan kò ní ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún giramu kan lọ. Kí ó tó di ohun tó ṣeé wà, ó gbọ́dọ̀ kó jọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Olivine àti feldspar kì í gbà á sínú, wọn kì í sì í gba imí ọjọ́. Bí wọ́n ṣe ń dì, tí wọ́n ń rì, imí ọjọ́ ń pọ̀ sí i nínú magma tó kù, títí tí magma kò fi ní lè gbà á mọ́. Nígbà náà ni imí ọjọ́, irin, níkẹ́lì àti bàbà á jọ di ẹ̀kán omi mìíràn tí kì í pò mọ́ magma, ẹ̀kán tó wúwo, tó ń rì lọ. Platinum, palladium àti wúrà fẹ́ràn ẹ̀kán yìí ju magma lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ti platinum àti palladium tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ibi tó bá gbà kọjá, á gbá wọn jọ.

Bushveld ti pé bílíọ̀nù méjì ọdún lé díẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ tó tó 65,000 kìlómítà alápá mẹ́rin. Ìpele rẹ̀ tò lórí ara wọn: èyí dúdú, èyí funfun, ìlà hóró chromite láàárín. Ní 1924, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Andries Lombaard rí platinum nínú ipadò, ó fi ránṣẹ́ sí Hans Merensky, ẹni yẹn ló sì tọpa rẹ̀ dé inú òkúta tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, Merensky Reef. Nínú tọ́ọ̀nù òkúta náà kan, platinum àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í sábà ju giramu mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ló ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú platinum gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Àwọn kan gbà pé magma tuntun tó ya wọlé, tó pò mọ́ ti àtijọ́, ló mú imí ọjọ́ yapa lójijì. Àwọn kan gbà pé omi gbígbóná tó gòkè láti àárín hóró náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò yọ ìdì onípele kúrò, ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bóyá òun nìkan tó.

Irú òkúta yìí wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà, ó sì wà níbi tí ẹsẹ̀ Yorùbá ti pẹ́ débẹ̀. Àwọn òkè tó yí Freetown ká ní Sierra Leone, ibi tí wọ́n sọ Samuel Ajayi Crowther kalẹ̀ sí ní 1822, tí àwọn Aku ọmọ Yorùbá sì tẹ̀dó sí, jẹ́ magma kan tó dì ní ìpele-ìpele ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, lákòókò tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ń ya ara wọn. Ó gùn tó nǹkan bí 65 kìlómítà. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n rí hóró platinum nínú àwọn odò kéékèèké ní agbègbè abúlé York, wọ́n sì wà á níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní Skaergaard ní Greenland, níbi tí Lawrence Wager àti William Deer ti ṣe iṣẹ́ wọn tó jáde ní 1939, imí ọjọ́ kò tètè yapa. Magma náà ti dì kọjá ìdajì kó tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, wúrà àti palladium ti ń pọ̀ bọ̀ nínú omi tó kù ní gbogbo àkókò yẹn, ni wọ́n bá jókòó sí òkè nínú ìpele tí ojú kò lè dá mọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó rí i, ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti ń rìn lórí rẹ̀.

Ẹ̀kán imí ọjọ́ náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, torí pé òun pẹ̀lú ní láti dì. Ní bí ìwọ̀n 1,100, apá tó ní irin púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọ́kọ́ dì, ó sì ń kó osmium, iridium, ruthenium àti rhodium mọ́ra. Bàbà, platinum, palladium, fàdákà àti wúrà kì í bá a lọ. Wọ́n ń dúró sínú omi, omi yẹn á sì máa wá ojú ẹ̀là gbà lọ sínú òkúta ìsàlẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakùsà ní Sudbury ní Kánádà àti ní Norilsk ní Rọ́ṣíà fi ń bá palladium púpọ̀ níbi tí bàbà bá ti pọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún fàdákà inú ìkòkò Pattinson náà nìyẹn, láìsí ẹni tó di ìgbakọ mú.

Ní Nàìjíríà, ìgbẹ̀yìn ìdì onípele la ní, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òkúta abẹ́ Ìlọrin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ń lọ wò ní àyíká wọn, jẹ́ granite, gneiss àti àwọn ìbátan wọn, òkúta tí kò ní olivine àti chromite tó ń bá platinum rìn. Ohun tí granite ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá ń dì tán ni omi tó kún fún àwọn èròjà tí hóró mìíràn kọ̀. Omi yẹn ló di òkúta tí wọ́n ń pè ní pegmatite ní Ìjerò-Èkìtì àti ní Kòmú ní Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa lithium, tantalite àti tourmaline. Granite Jos, tó dì ní àsìkò kan tó jìnnà sí ti wọn, fi tánganran àti columbite sílẹ̀ lọ́nà kan náà.

Wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sí nínú ìtàn yìí. Ti Segilola ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí iléeṣẹ́ Thor Explorations bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 2021, omi gbígbóná tó gba ojú ẹ̀là òkúta kọjá ló gbé e wá, tó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú quartz. Nítorí náà, kí ẹni tó ń wá wúrà ní Kwara tàbí Ọ̀ṣun tọpa ẹ̀là tí quartz dí, kí ẹni tó ń wá lithium tọpa pegmatite. Ẹni tó bá sì ní òun rí platinum nínú granite Ìlọrin, kó kọ́kọ́ gbé òkúta rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó náwó sórí rẹ̀.